Páàdì Oṣù Mẹ́jọ

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Bàbá Sàká fi ṣe sítọ́kípà ní ilé iṣẹ́ kan lẹ́bàá títì Badagry kí ó tó fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ fi í sílẹ̀, òun kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kò sí nǹkan nínú ilé rẹ̀ ní Igbó-Elérin tí kò ní àmì. Ó fi ìṣó họ ìdí kẹ́tù, ó fi ọ̀dà pupa sàmì sí ẹsẹ̀ àkàbà, ó gé ìlà sí abẹ́ sílíńdà gáàsì. Ẹni tó bá yá òòlù lọ́wọ́ rẹ̀ tó sì dá a padà, Bàbá á kọ́kọ́ yí i wò kí ó tó ní ó ṣeun.

Nígbà tí ó fẹ́ fa kọ́kọ́rọ́ mọ́tò Gọ́ọ̀fù rẹ̀ lé Akínkúnmi lọ́wọ́, bákan náà ló ṣe. Oṣù kẹsàn-án ni, ilé ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ojú Bàbá ti ń ṣe bàìbàì, dókítà sì ti ní kí ó má wa mọ́tò mọ́. Hikmat, ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún méje, gbọ́dọ̀ máa dé ilé ìwé lójú ọ̀nà Iba láràárọ̀. Ayálégbé Bàbá ni Akínkúnmi. Ará Òkè-Ògùn ni, ó tó ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta, ó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ti wa tírélà rí. Àdéhùn wọn ni pé kí ó máa gbé Hikmat lọ kí ó sì máa gbé e bọ̀, kí ó fi ọmọ mẹ́ta mìíràn kún un. Ohun tí àwọn òbí ọmọ mẹ́ta náà bá ń san ni yóò máa jẹ.

Kí Bàbá tó fún un ní mọ́tò, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Àlàbá, mẹkáníìkì rẹ̀ ní Okokomaiko, ó ní kí ó fi páàdì bíréèkì tuntun sí ẹsẹ̀ iwájú. Ó gba àwọn páàdì náà lọ́wọ́ Àlàbá bí ẹni fẹ́ yẹ̀ wọ́n wò, ó bọ́ sẹ́yìn mọ́tò, ó fi ayùn irin gé ìlà mẹ́ta tẹ́ẹ́rẹ́ sí etí irin ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Dírẹ́bà kan tó ti bá Bàbá wa mọ́tò náà rí máa ń béèrè páàdì ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Nígbà tí Bàbá ń wa mọ́tò fúnra rẹ̀, oṣù mẹ́ta náà ni. Ó ti gbà pé iye tí páàdì ń lò láyé nìyẹn. Oṣù mẹ́ta pé, Akínkúnmi kò béèrè. Oṣù mẹ́fà pé, kò béèrè. Oṣù mẹ́jọ pé, òjò ti bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin náà ń kí Bàbá láràárọ̀, ó ń kí i nírọ̀lẹ́, kò sọ nǹkan kan nípa páàdì.

Ẹlòmíràn ì bá dúpẹ́. Bàbá Sàká kò dúpẹ́. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ní sítọ́ọ̀ ni pé òṣìṣẹ́ tí kò wá gba nǹkan mọ́ ti rí ibòmíràn tó ti ń gbà á, tàbí kí ó jẹ́ pé kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ Akínkúnmi.

Ó fẹ́ mọ iye tí mọ́tò ń rìn lóòjọ́, ṣùgbọ́n aago tó ń ka ìrìn mọ́tò ti kú láti ọdún mẹ́ta, òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀ tí kò jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe. Ó wo táyà, táyà kò sọ nǹkan kan fún un. Nígbà tó yá, ó pe Hikmat sí ẹ̀gbẹ́ àga rẹ̀, ó bi í léèrè ohun tí wọ́n máa ń ṣe nínú mọ́tò.

"A máa ń ka nọ́ńbà," ni ọmọ náà wí.

"Nọ́ńbà wo?"

"Mẹ́rin, mẹ́ta, méjì. Àǹkú Akin ní tí a bá ti gbọ́ tí mọ́tò ń kùn, ká di àga mú, ká máa kà á."

"Mọ́tò máa ń kùn?"

"Ó máa ń kùn bíi ológbò tínú ń bí."

Bàbá ní kí ó máa lọ ṣeré. Ó jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mọ́tò tó ń kùn. Àwọn ọmọdé tí àgbàlagbà kọ́ láti di àga mú. Ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọn kò dára lójú rẹ̀.

Ní Sátidé, Akínkúnmi lọ bá wọn tún ṣọ́ọ̀ṣì ṣe. Bàbá ránṣẹ́ pe Àlàbá, ó ní kí ó gbé jáàkì dání. Àlàbá tú ẹsẹ̀ iwájú, ó yọ páàdì. Bàbá gbà á, ó fi àkísà nù ún, ó fi èékánná wá ìlà mẹ́ta. Wọ́n wà níbẹ̀. Ó wo bí páàdì ṣe nípọn tó. Ó nípọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ rárá.

"Bàbá, kí lẹ ní ká tú u fún?" ni Àlàbá wí. "Eléyìí ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

"Oṣù mẹ́jọ ni."

"Oṣù mẹ́jọ kẹ̀? A jẹ́ pé mọ́tò yìí ò rìn nìyẹn. Tàbí kẹ̀, ẹni tó ń wà á ò lẹ́sẹ̀ ọ̀tún."

Àlàbá rẹ́rìn-ín. Bàbá kò bá a rẹ́rìn-ín. Èyí tó dì mú nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé mọ́tò kò rìn. Bí mọ́tò kò bá rìn, kí ló ń gbé àwọn ọmọ lọ? Bóyá Akínkúnmi ń gúnlẹ̀ síbì kan ní Okokomaiko, tó ń kó ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú kẹ̀kẹ́ kan, tó wá ń fi mọ́tò ṣe nǹkan mìíràn. Hikmat ní inú mọ́tò ni wọ́n ń wà, ṣùgbọ́n wọ́n lè ti kọ́ ọmọ ní ohun tí yóò sọ. Wọ́n ṣáà ti kọ́ ọ ní nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà ló tún wo Àlàbá bó ṣe ń dá táyà padà, ó ń rò ó bóyá Àlàbá ti rí ìlà mẹ́ta náà tipẹ́, tó sì gé irú rẹ̀ sára páàdì mìíràn.

Nírọ̀lẹ́, ó sọ ọ́ fún Munirat, ọmọ rẹ̀, ìyá Hikmat, tó ń ta aṣọ ọmọdé ní Ajangbadi. Munirat ní páàdì kò jẹ, bàbá òun sì ń bínú, ṣé ó fẹ́ kí ó jẹ kí inú rẹ̀ lè dùn ni?

Ní Mọ́ńdè, ó kírun, ó wọ bùbá kan tí kì í sábà wọ̀, ó lọ dúró sí ìta níbi tí ọ̀nà àdúgbò ti já sí títì. Ó rí Gọ́ọ̀fù rẹ̀ tó ń bọ̀. Ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú rẹ̀: Hikmat, Dámilárá ọ̀rẹ́ rẹ̀, àti àwọn ọmọkùnrin méjì tí bàbá wọn ń tún fóònù ṣe ní Iyana-Iba. Mọ́tò ń rìn, nígbà náà. Ìfura kan kú. Inú Bàbá kò dùn sí i. Ó dá kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró, ó wọlé, ó ní kí ó tẹ̀lé Gọ́ọ̀fù tó wà níwájú yẹn, kí ó má yà á sílẹ̀.

Oníkẹ̀kẹ́ náà wò ó nínú gíláàsì. "Bàbá, ṣé ìyàwó ló wà nínú ẹ̀ ni?"

"Mọ́tò ni mò ń ṣọ́."

"Ẹ ṣì lágbára."

Wọ́n kọjá Okokomaiko. Gọ́ọ̀fù ń lọ jẹ́jẹ́. Bí ọkọ̀ iwájú bá dín eré kù, á dẹ̀. Bí ihò bá wà lójú ọ̀nà, á rọra. Bàbá tẹ̀ síwájú, ó tẹjú mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀, kò sì gbẹ́kẹ̀ lé ojú ara rẹ̀. Ó bi oníkẹ̀kẹ́ bóyá ó rí iná bíréèkì. Oníkẹ̀kẹ́ ní òun kò rí i. Bàbá ní kí ó wò ó dáadáa. Ó ní òun ń wò ó, mọ́tò ń dẹ̀, iná kò tàn.

Ní Iyana-Iba, níbi tí wọ́n ti ń yà sí ọ̀nà Iba, Gọ́ọ̀fù dẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí iná kankan lẹ́yìn rẹ̀ tó sọ pé ó fẹ́ dẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ ti sún mọ́ ọn jù. Ó tẹ bíréèkì tirẹ̀, ó fa ọwọ́ sápá kan, kẹ̀kẹ́ yí díẹ̀, ó sì dúró. Àlàfo tó wà láàárín wọn kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìgbà tí Gọ́ọ̀fù wá dúró pátápátá ni iná pupa ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, fẹ́ẹ́.

"Ẹ̀yin bàbá yìí," ni oníkẹ̀kẹ́ wí, "èémí ni mọ́tò yín fi ń dúró ni?"

Bàbá kò gbọ́. Gbogbo rẹ̀ ti pàdé nínú orí rẹ̀. Mọ́tò ń kùn. Àwọn ọmọ ń di àga mú. Páàdì kò jẹ. Iná bíréèkì kò kú, nítorí ó tàn nígbẹ̀yìn. Bíréèkì fúnra rẹ̀ ló kú. Akínkúnmi mọ̀, ó ń fi ọgbọ́n kan dá mọ́tò dúró, kò sì sọ, nítorí bí mọ́tò bá wọ ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, oúnjẹ ọjọ́ yẹn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń kó Hikmat sínú rẹ̀ lójoojúmọ́.

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ fi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, àwọn ọmọ ti wọlé. Akínkúnmi ń nu gíláàsì. Àwọn òbí kan dúró níbẹ̀. Fọláyẹmí, ìyá Dámilárá, tó ń tẹ ìwé ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Iyana-Iba, gbé fúláàsì oúnjẹ tí ọmọ rẹ̀ gbàgbé wá. Ọlátúndé, bàbá àwọn ọmọkùnrin méjèèjì, ń bá olùkọ́ kan sọ̀rọ̀.

Bàbá na ọwọ́ sí Akínkúnmi. "Kọ́kọ́rọ́."

Akínkúnmi wò ó, ó wo kẹ̀kẹ́ tó gbé e wá. "Bàbá, ẹ káàárọ̀. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Mọ́tò yìí ò ní bíréèkì," ni Bàbá wí. Kò pariwo, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dé ibi tó yẹ kó dé. "Ó mọ̀. Ó ń kó àwọn ọmọ wa sínú ẹ̀."

Fọláyẹmí gbé fúláàsì sílẹ̀.

"Bíréèkì wà, Bàbá," ni Akínkúnmi wí. "Mi ò kàn kì í tẹ̀ ẹ́ láìnídìí ni."

"Ṣé ẹ gbọ́? Kì í tẹ bíréèkì. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́."

Ọlátúndé ṣí ilẹ̀kùn Gọ́ọ̀fù, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀ mọ́tò bí ẹni pé bíréèkì jábọ́ síbẹ̀. Fọláyẹmí bi Akínkúnmi bóyá òtítọ́ ni, bóyá àárọ̀ yìí náà ni. Akínkúnmi yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Bàbá, ó ká àkísà tó fi ń nu gíláàsì sínú àpò, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ọ̀nà Iyana-Iba.

Bàbá tẹ Àlàbá láago. Nígbà tí Àlàbá dé, ó wa Gọ́ọ̀fù lọ sókè sódò ní òpópónà ilé ìwé lẹ́ẹ̀mẹta, Bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó fún un níná dáadáa, ó sì tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Táyà ké. Bẹ́líìtì àga bu Bàbá láyà jẹ.

"Bíréèkì yìí le ju ti mọ́tò tèmi lọ," ni Àlàbá wí. "Díẹ̀ ló kù kí n fi imú kan gíláàsì."

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí Bàbá lọ́kàn ni pé Àlàbá ló de páàdì náà, kí ni yóò tún sọ? Ṣùgbọ́n àyà ló dùn ún, Àlàbá kò sì lè fi ìyẹn parọ́. Àlàbá wà á délé.

Lọ́jọ́ náà, Ọlátúndé wá kó àwọn ọmọ rẹ̀, Fọláyẹmí wá mú tirẹ̀. Munirat tètè ti ṣọ́ọ̀bù kí ó lè mú Hikmat. Nígbà tó wọlé, kò jókòó. Ó ní kí òun tó kúrò ní Ajangbadi ni oníbàárà kan ti ń sọ fún òun pé dírẹ́bà kan wà ní Igbó-Elérin tó ń fi mọ́tò tí kò ní bíréèkì kó ọmọ. Ọ̀rọ̀ ti wọ fóònù àwọn òbí. Wọ́n ti kọ orúkọ Akínkúnmi síbẹ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà mọ́tò.

Bàbá ní òun rí ohun tí òun rí.

"Ibo lẹ jókòó sí tẹ́ ẹ fi rí i?"

"Inú kẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn wọn."

"Ẹ̀yìn mọ́tò lẹ wò, Bàbá. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wa mọ́tò. Ṣé ẹ wo ẹsẹ̀?"

Bàbá kò jẹun púpọ̀. Ó jókòó, ó ń tẹ ibi tí bẹ́líìtì ti bu ú jẹ.

Lọ́jọ́ kejì, bí ó ti kírun òwúrọ̀ tán, ó lọ kan ilẹ̀kùn Akínkúnmi. Ọkùnrin náà ti jí. Bàbá ní kí ó jáde wá wa òun. Akínkúnmi béèrè ibi tí wọ́n ń lọ. Bàbá ní wọn kò lọ síbì kan. Akínkúnmi wọ bàtà.

Ọ̀nà kò tíì kún. Bàbá jókòó níwájú, ó tan iná fóònù rẹ̀, ó tẹ̀ ba, ó tan iná náà sí ẹsẹ̀ Akínkúnmi. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ. Ẹni tó bá rí wọn láti ìta á rò pé nǹkan tó jábọ́ ni wọ́n ń wá.

Títì na gbọọrọ níwájú wọn, mọ́tò wà ní jíà kẹrin. Ihò ńlá kan ń bọ̀ lókèèrè. Bàbá rí i tí ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò lórí ibi tí wọ́n fi ń fún mọ́tò níná. Kò lọ sórí bíréèkì. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ fa jíà láti ẹ̀kẹrin sí ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ òsì gòkè padà, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń tú ewúrẹ́ tí kò fẹ́ kí ó sá. Ẹ́ńjìnnì kùn. Ara Bàbá tẹ̀ síwájú, bí ìgbà tí ẹnì kan di mọ́tò mú lẹ́yìn láìfi ipá ṣe é. Mọ́tò tún dẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ọwọ́ lọ sí ẹ̀kejì, ó tún kùn. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ihò, wọn kò yára ju ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Ìgbà náà ni ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ bíréèkì, ṣókí.

"Tún un ṣe," ni Bàbá wí.

Akínkúnmi tún un ṣe. Ó ṣe é níwájú bọ́ǹpù ojú títì, ó ṣe é lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan, ó ṣe é níbi tí wọ́n ti yíjú padà. Ìgbà kan ajá sáré kọjá níwájú wọn. Lọ́tẹ̀ yìí kò fọwọ́ kan jíà, bíréèkì ló tẹ̀ tààrà, mọ́tò sì dúró gbọin. Bàbá pa iná fóònù.

Ó béèrè ẹni tó kọ́ ọ. Akínkúnmi ní ọ̀gá òun nínú tírélà ni, nígbà tí àwọn ń kó sìmẹ́ńtì sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Ó ní tí èèyàn bá ń tẹ bíréèkì láti orí òkè dé ìsàlẹ̀, bíréèkì á gbóná, á máa rú èéfín, nígbà tó bá sì kù díẹ̀ kó délẹ̀, ẹsẹ̀ á wọlé, kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó ní ọ̀gá òun kì í lu òun, àfi tí òun bá tẹ bíréèkì níbi tí jíà ti lè ṣe é.

"Àwọn ọmọ tó ń ka nọ́ńbà ńkọ́?"

"Jíà ni wọ́n ń kà. Kí wọ́n lè di nǹkan mú kí orí wọn má baà kan àga iwájú."

Bàbá fi fóònù sápò. "Èmi, fírì ni mo máa ń fi mọ́tò sí, láìsí jíà, tí mo bá ti rí i pé mo fẹ́ dúró. Kí epo má baà lọ."

"Mo mọ̀."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Lọ́jọ́ tí ẹ fà á lé mi lọ́wọ́, ẹ sọ fún mi pé páàdì yín kì í ju oṣù mẹ́ta lọ. Mọ́tò tó bá wà ní fírì, kò sí ohun tó ń dì í mú mọ́ àfi bíréèkì. Òun nìkan ló ń jẹ gbogbo ìyà yẹn."

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ délé kí Bàbá tó tún sọ̀rọ̀. Ó ní kẹ̀kẹ́ tí òun wọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu wọn lẹ́yìn ní Iyana-Iba. Ó ní iná kò tàn. Ẹni tó wà lẹ́yìn kò lè gbọ́ ẹ́ńjìnnì, iná nìkan ló ń wò.

Akínkúnmi gbé mọ́tò dúró níwájú ilé, ó pa á.

"Ìyẹn, mi ò rò ó," ni ó wí. "Kò sẹ́ni tó ń sún mọ́ ìdí tírélà. Ó yẹ kí n máa fi ẹsẹ̀ kan bíréèkì díẹ̀ kí iná lè tàn fún wọn. Ibi tí ẹ ti rí mi mú nìyẹn."

Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó gbé e síwájú Bàbá. Bàbá ní kí ó mú un dání. Akínkúnmi kò mú un.

"Ọmọ ta ni mo fẹ́ fi gbé, Bàbá? Wọ́n ti kọ orúkọ mi sínú fóònù. Láti ibí dé Badagry, ta ló máa fọmọ rẹ̀ fún mi?"

Kò sọ ọ́ bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka ohun tó kù nínú àpò. Bàbá rí i pé òótọ́ ni. Ohun tí òun fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta bà jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, oúnjẹ ọkùnrin náà ni, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè lọ tún un ṣe níbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nígbà tí ilé ìwé ń jáde, Akínkúnmi wa Bàbá lọ síbẹ̀. Ó jókòó nínú mọ́tò, kò sọ̀kalẹ̀. Bàbá dúró níbi tó dúró sí lánàá. Ó pe Fọláyẹmí, ó pe Ọlátúndé. Àwọn mìíràn sún mọ́ tòsí fúnra wọn.

Ó sọ fún wọn pé mọ́tò ní bíréèkì. Ó ní mẹkáníìkì ti dán an wò, òun náà ti wò ó. Ó sọ bí ọkùnrin náà ṣe ń fi jíà dá mọ́tò dúró, ó fi ọwọ́ júwe rẹ̀, ẹ̀kẹrin, ẹ̀kẹta, ẹ̀kejì. Ó ní òun ló ṣì í. Ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀. Kò sí ìgbà tó tíì sọ irú rẹ̀ rí.

Fọláyẹmí ń wò ó. "Bàbá, lánàá ẹ ní kò ní bíréèkì. Lónìí ẹ ní ó ní. Ọjọ́ wo lẹ parọ́ nínú méjèèjì?"

"Mi ò parọ́. Àná ni mo ṣì í."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ wá sọ bẹ́ẹ̀? Ayálégbé yín ṣáà ni."

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

"Bí wọ́n ṣe máa ń wí nìyẹn," ni Ọlátúndé wí. Ó ní òun kò bá àgbàlagbà jà, ṣùgbọ́n òun ti bá oníkẹ̀kẹ́ kan sọ̀rọ̀ kí ó máa gbé àwọn ọmọ òun, òun kò sì ní yí i padà. Ó di àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó ń lọ.

Bàbá fẹ́ tún sọ̀rọ̀, ó pa á mọ́ra. Ó mọ̀ pé ohunkóhun tí òun bá tún fi kún un, ńṣe ni yóò túbọ̀ dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n fún ní nǹkan. Irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ti dúró níwájú fèrèsé sítọ́ọ̀ rẹ̀ rí, wọ́n ń yí ọ̀rọ̀ àná wọn padà, kò sì gba ọ̀kan gbọ́ nínú wọn. Ó lè jẹ́ pé òtítọ́ ni àwọn kan nínú wọn sọ. Kò rò ó rí títí di ọjọ́ náà.

Hikmat jáde pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Bàbá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn Gọ́ọ̀fù lójú gbogbo wọn, ó gbé ọmọ náà sínú rẹ̀, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Dámilárá sáré tọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Fọláyẹmí gbá a mú ní báàgì.

Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lára báàgì ọmọ, ojú rẹ̀ lára Akínkúnmi. Akínkúnmi kò wo ibòmíràn, kò sì bẹ̀ ẹ́. Nígbẹ̀yìn, Fọláyẹmí fi ọmọ sílẹ̀ kí ó wọlé, òun náà ṣí ilẹ̀kùn iwájú.

"Èmi ni màá jókòó níbí," ni ó wí. "Kì í ṣe òní nìkan o. Títí ọkàn mi á fi balẹ̀. Bó bá di oṣù kan, ó di oṣù kan."

"Kò burú, ìyá Dámilárá," ni Akínkúnmi wí.

Bàbá bọ́ sẹ́yìn, ó jókòó sí àyè àwọn ọmọ Ọlátúndé. Mọ́tò gbéra. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí Fọláyẹmí fi tẹ orí ba, tó ń wo ẹsẹ̀ dírẹ́bà. Ọkọ̀ iwájú dẹ̀. Ó bi Akínkúnmi léèrè ìdí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi lọ sórí bíréèkì nísinsìnyí, nísinsìnyí gan-an, kí ló ń dúró dè? Ohùn rẹ̀ le.

Bàbá tẹ̀ síwájú láàárín àga méjèèjì láti ṣàlàyé fún un.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí i, Bàbá," ni Akínkúnmi wí, ó sì fa jíà.

Bàbá Sàká padà jókòó. Ó di àga mú.